Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó ní kí wọ́n bá òun root fóònù Android

Láyé òde òní, fóònù oníṣòwò kékeré ti kúrò ní ohun tí wọ́n kàn fi ń pe èèyàn. Inú rẹ̀ ni nọ́ḿbà àwọn oníbàárà wà, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbèsè sí, òun ni wọ́n fi ń ya fọ́tò ọjà sórí WhatsApp, òun náà ni wọ́n fi ń wò ó bóyá owó ti wọ àkáǹtì kí oníbàárà tó gbé ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí irú fóònù bẹ́ẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, tí mẹ́mórì rẹ̀ kún, tí àwọn áàpù tuntun kò wọlé sí i mọ́, lára ìmọ̀ràn tí oníṣòwò máa ń gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà fóònù ni pé kí wọ́n bá a root rẹ̀, kí wọ́n sì fi recovery mìíràn sí i.

Kì í ṣe irọ́ pé iṣẹ́ náà lè sọ fóònù tó ti ń kú lọ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà lè jẹ́ kí áàpù báǹkì kọ̀ láti ṣí, ó máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́, bí wọ́n bá sì ṣe é kù díẹ̀ káàtó, fóònù náà lè má tàn mọ́ láé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Fóònù tó jẹ́ orí òwò kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé fún ẹlòmíràn láìmọ ohun tí onítọ̀hún fẹ́ ṣe sí i. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí fi dá lórí ohun tí root jẹ́, ohun tó ń náni, irú fóònù tó yẹ kí wọ́n ṣe é sí, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

OHUN TÍ ROOT JẸ́

Orí ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Linux ni wọ́n gbé Android kà. Linux fúnra rẹ̀ tọ ipasẹ̀ Unix, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bell Labs lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ́dún 1969. Nínú irú ètò yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè jọ lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo, àmọ́ ẹnì kan wà tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá lórí gbogbo wọn. Root ni orúkọ ọ̀gá náà. Kò sí fáìlì tí kò lè ṣí, kò sí èyí tí kò lè yí padà, kò sì sí èyí tí kò lè parẹ́.

Ẹni tó ra fóònù Android tuntun kì í ṣe root lórí fóònù náà. Ńṣe ló dà bíi ayálégbé nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ fowó rà. Ó lè gbé àga àti bẹ́ẹ̀dì tó bá wù ú wọlé, àmọ́ kò lè wó ògiri, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí onílé kó ẹrù tirẹ̀ sí. Áàpù kọ̀ọ̀kan náà ní yàrá tirẹ̀. Áàpù géèmù kò lè wọ yàrá áàpù báǹkì lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní root ṣíṣe ni pé kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ onílé fún ẹni tó ni fóònù. Láti ìgbà náà lọ, áàpù tí ó bá fún láṣẹ lè wọ yàrá yòówù tó bá fẹ́. Ibẹ̀ ni oore root wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó Android fúnra rẹ̀. Fóònù Android àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráàlú ni T-Mobile G1 tí ilé-iṣẹ́ HTC ṣe, oṣù kẹwàá ọdún 2008 ló sì jáde ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ rárá táwọn tó rà á fi ṣàkíyèsí pé ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lórí fóònù náà tún ń lọ sọ́dọ̀ root lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sórí ìlà tuntun, tó tẹ ọ̀rọ̀ náà reboot, tó sì tún bọ́ sórí ìlà mìíràn, fóònù rẹ̀ á pa, á sì tún tàn padà fúnra rẹ̀. Google tètè dí ihò náà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú ti rí i pé ọ̀nà wà. Lóde òní, irinṣẹ́ táwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ jù ni Magisk, tí John Wu gbé jáde lọ́dún 2016.

BOOTLOADER ÀTI RECOVERY

Kí ọ̀rọ̀ root tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ àwọn méjì mìíràn tí wọ́n jọ ń rìn.

Àkọ́kọ́ ni bootloader. Òun ló ń kọ́kọ́ jí bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan fóònù. Aṣọ́nà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wò ó bóyá ètò tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà. Látìgbà tí Android 7.0 ti jáde lọ́dún 2016 ni Google ti jẹ́ kí àyẹ̀wò yìí le sí i, débi pé bí bootloader bá wà ní títì, tí wọ́n sì ti fọwọ́ kan ètò inú fóònù, fóònù náà lè kọ̀ láti tàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣíṣí bootloader ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbogbo.

Ìkejì ni recovery. Yàrá kékeré kan ni lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń gbà wọlé tún ilé ṣe nígbà tí ilé gan-an kò bá ṣeé wọ̀. Èyí tó bá fóònù wá láti ilé-iṣẹ́ kò lè ṣe ju nǹkan díẹ̀ lọ. Ó lè nu fóònù nù, ó sì lè fi àtúnṣe tó ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ sí i. Recovery àtọwọ́dá táwọn èèyàn ń fi rọ́pò rẹ̀ ló lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà kan rí, ClockworkMod tí Koushik Dutta ṣe ló gbajúmọ̀, kó tó di pé TWRP táwọn Team Win ṣe gba ipò rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, èèyàn lè ṣe ẹ̀dà gbogbo ètò inú fóònù sí orí mẹ́mórì, ó lè dá a padà bí nǹkan bá bàjẹ́, ó sì lè gbé Android mìíràn wọ inú fóònù náà, irú bíi LineageOS tó rọ́pò CyanogenMod nígbà tí ìyẹn kógbá sílé lóṣù Kejìlá ọdún 2016.

Ó yẹ kó yé oníṣòwò pé root yàtọ̀ sí recovery. Èèyàn lè fi recovery mìíràn sí fóònù láì root rẹ̀, ó sì lè root rẹ̀ láì fọwọ́ kan recovery rárá. Ẹnjiníà tó bá da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn nínú àlàyé rẹ̀, kí wọ́n ní kó tún àlàyé náà ṣe.

ÌDÍ TÁWỌN ÈÈYÀN FI Ń ṢE É

Ìdí àkọ́kọ́ ni fóònù tó ti pẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti dẹ́kun láti máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i, Android inú rẹ̀ ti gbó, àwọn áàpù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kò bá a ṣiṣẹ́ mọ́. Recovery àtọwọ́dá ló ń jẹ́ kí wọ́n lè gbé Android tó tún tuntun jù wọ inú rẹ̀. Ìdí kejì ni àwọn áàpù tí ilé-iṣẹ́ ti kó sínú fóònù kí wọ́n tó tà á, tí wọ́n ń jẹ mẹ́mórì, tí wọ́n ń jẹ dátà, tí wọn kò sì ṣeé yọ. Ìdí kẹta ni ṣíṣe ẹ̀dà gbogbo ohun inú fóònù láìku ẹyọ kan. Àwọn mìíràn sì ń ṣe é kí wọ́n lè dí ìpolówó ọjà tó ń já lu èèyàn lójú fóònù.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń root fóònù láyé àtijọ́ ni kò nílò root mọ́, ibí yìí sì ni oníṣòwò ti lè fi owó rẹ̀ pamọ́. Áàpù tí kò wúlò, wọ́n lè lọ sí Settings kí wọ́n sọ pé kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tí Settings kò bá gbà, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè fi àṣẹ adb kan ṣoṣo, ìyẹn pm uninstall --user 0, mú un kúrò lójú ẹni tó ń lo fóònù láì ṣí bootloader rárá. Ìpolówó náà ní oògùn: látorí Android 9 tó jáde lọ́dún 2018 ni Private DNS ti wà nínú Settings, ó sì lè dí púpọ̀ nínú wọn.

Ní ti fóònù tó ń lọ́ra, kí wọ́n kọ́kọ́ wo mẹ́mórì rẹ̀. Oníṣòwò tó wà nínú ogún gúrúùpù WhatsApp, tí fídíò àti fọ́tò ń wọlé sí fóònù rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò lè ṣe kí mẹ́mórì rẹ̀ má kún. Bí wọ́n bá pa ìdajì àwọn fídíò náà rẹ́, tí wọ́n sì ní kí WhatsApp má gbà wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kí fóònù náà tún yá. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni fóònù ń pa lójijì, bátìrì tuntun lè jẹ́ gbogbo ohun tó ń fẹ́.

OHUN TÓ Ń NÁNI

Ohun àkọ́kọ́ tó ń náni ni ẹrù inú fóònù. Bí wọ́n bá ti ṣí bootloader, fóònù á nu ara rẹ̀ mọ́ tónítóní: nọ́ḿbà, fọ́tò, rìsíìtì, ọ̀rọ̀ WhatsApp, gbogbo rẹ̀ á lọ. Kì í ṣe àṣìṣe ẹnjiníà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí olè tó bá jí fóònù má baà ṣí bootloader kó sì ka ohun inú rẹ̀. Oníṣòwò tí kò bá ṣe ẹ̀dà sílẹ̀ ti pàdánù ìwé gbèsè rẹ̀ nìyẹn.

Ìkejì ni áàpù báǹkì. Google ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Play Integrity, tó rọ́pò SafetyNet ti tẹ́lẹ̀. Áàpù báǹkì lè tipasẹ̀ rẹ̀ béèrè bóyá fóònù tí wọ́n fẹ́ lò ó lórí rẹ̀ ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Bí ìdáhùn kò bá dáa, áàpù náà lè kọ̀ láti ṣí. Àwọn kan ń lo ọgbọ́n láti fi root pamọ́ fún áàpù, àmọ́ eré ológbò àti eku ni. Ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá lè kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, nígbà tí oníbàárà ń dúró de owó tàbí tí ẹni tó kó ọjà wá ń retí kí wọ́n sanwó fún un. Nọ́ḿbà USSD báǹkì kò ní dúró o, nítorí orí síìmù lòun ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí áàpù lè ṣe pọ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Ìkẹta ni ààbò. Lóṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n rí áàpù tó ju àádọ́ta lọ lórí ibi tí Google ti ń pín áàpù tí wọ́n ti fi ètò burúkú kan tí wọ́n pè ní DroidDream sínú wọn. Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe bó bá ti wọ inú fóònù ni pé kó sọ ara rẹ̀ di root láìgbàṣẹ, lẹ́yìn náà ló ń kó ọ̀rọ̀ nípa fóònù náà ránṣẹ́ síta. Google yọ wọ́n kúrò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé root ni ohun táwọn ọ̀daràn ń wá. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ti bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́, bó bá tẹ bẹ́ẹ̀ni fún áàpù tí kò mọ orírun rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn áàpù tó ń ṣèlérí pé àwọn á root fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì fi yẹ lóhun téèyàn ń sá fún. Bí ẹni tó ṣe wọ́n bá ní ohun mìíràn lọ́kàn, àṣẹ onílé ló ti gbà yẹn.

Ìkẹrin ni pé fóònù lè di bíríkì, ìyẹn ni pé kó má tàn mọ́. Recovery tí kì í ṣe tirẹ̀, iná tó lọ lójijì, tàbí dídá Android padà sí ti tẹ́lẹ̀ lórí fóònù tí ilé-iṣẹ́ ti dí ọ̀nà ìyẹn lè fa èyí. Ibì kan tún wà nínú fóònù tí nọ́ḿbà IMEI rẹ̀ wà, EFS ni wọ́n ń pè é lórí Samsung, NVRAM lórí àwọn fóònù tó ń lo ẹ̀rọ MediaTek. Bí wọ́n bá ṣèèṣì nù ún, fóònù á tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n síìmù lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́.

Ìkarùn-ún ni pé àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé tún ṣe. Lórí Samsung, òǹkà kan wà tí wọ́n ń pè ní Knox. Bí wọ́n bá ti fi ètò tí kò ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ sí fóònù náà, òǹkà ọ̀hún á kúrò ní òdo, á di ọ̀kan, kò sì ní padà mọ́ títí ayé, kódà bí wọ́n bá dá ètò ilé-iṣẹ́ padà. Secure Folder tí ọ̀pọ̀ fi ń tọ́jú ìwé pàtàkì kò ní ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà mọ́. Wárántì náà lè bá a lọ.

FÓÒNÙ WO LÓ ṢEÉ ṢE?

Ìmọ̀ràn tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí oníṣòwò má ṣe root fóònù tó ń fi ṣe báǹkì. Bó bá ní fóònù àtijọ́ kan tó ti gbé sílẹ̀, ìyẹn ló lè ṣe é sí. Bí fóònù bẹ́ẹ̀ bá rí LineageOS gbà, ó tún lè wúlò ní ṣọ́ọ̀bù: wọ́n lè fi kọ iye ọjà tó kù, wọ́n lè fi ya fọ́tò ọjà, wọ́n sì lè fi ṣe íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí owó kò bá ti ba ibẹ̀ kọjá.

Gbogbo fóònù kọ́ ló sì ń gbà. Google fàyè gba ṣíṣí bootloader lórí Pixel, àmọ́ Pixel tí ilé-iṣẹ́ Verizon tà ní Amẹ́ríkà kò ṣeé ṣí. Èyí kan àwọn tó ń ra fóònù tòkunbọ̀, nítorí pé fóònù Amẹ́ríkà pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ Samsung tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà náà rí bẹ́ẹ̀. Huawei dẹ́kun láti máa fún àwọn èèyàn ní nọ́ḿbà ìṣínà bootloader lọ́dún 2018. Xiaomi ní áàpù tí wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ, wọ́n sì sábà máa ń ní kí èèyàn dúró fún wákàtí 168, ìyẹn ọjọ́ méje gbáko, kí wọ́n tó gbà. Ní ti Tecno, Infinix àti itel tó kún ọjà, oríṣi wọn pọ̀ gan-an, recovery tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í bá èkejì mu, bí orúkọ wọn tiẹ̀ jọra. Àwọn ilé-iṣẹ́ sì máa ń yí òfin wọn padà, torí náà, kí wọ́n wo ti fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn gan-an kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É LẸ́SẸẸSẸ

Ẹni tó fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, tàbí tó fẹ́ dúró ti ẹnjiníà kó máa wò ó, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí.

Àkọ́kọ́, kí wọ́n kó ẹrù jáde. Kí wọ́n gbé nọ́ḿbà àwọn oníbàárà sínú àkáǹtì Google, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà WhatsApp, kí wọ́n da fọ́tò àti rìsíìtì sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ṣí wọn níbẹ̀ láti rí i pé wọ́n dé lóòótọ́. Kí wọ́n rí i dájú pé àwọn mọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì Google tó wà lórí fóònù náà, nítorí láti Android 5.1 ti ọdún 2015, fóònù tí wọ́n bá nù lè béèrè rẹ̀ kó tó ṣí. Kí wọ́n tẹ *#06#, kí wọ́n sì kọ nọ́ḿbà IMEI tó bá jáde sínú ìwé.

Ìkejì, kí wọ́n mọ fóònù náà gan-an. Nínú Settings, lábẹ́ About phone, wọ́n á rí nọ́ḿbà oríṣi fóònù àti Build number. Ètò ilé-iṣẹ́ tó bá nọ́ḿbà méjèèjì yìí mu ni kí wọ́n wá, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Òun ni wọ́n máa fi gba fóònù là bí nǹkan bá yíwọ́.

Ìkẹta, kí wọ́n tẹ Build number nígbà méje. Developer options á jáde. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa tan OEM unlocking àti USB debugging. Bí OEM unlocking kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí kò ṣeé tẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sábà máa ń parí sí.

Ìkẹrin, kí wọ́n fi Platform Tools tí Google ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Adb àti fastboot wà nínú rẹ̀. Kí bátìrì fóònù ju ìdajì lọ, kí wáyà USB jẹ́ èyí tó dáa. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún ló dára jù, kí NEPA má baà mú iná lọ láàárín iṣẹ́.

Ìkarùn-ún, kí wọ́n so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Àṣẹ adb devices ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ti rí i. Bí wọ́n bá kọ adb reboot bootloader, fóònù á wọ ojú ìwé bootloader. Níbẹ̀, fastboot flashing unlock ni àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣí i lórí ọ̀pọ̀ fóònù tuntun, fastboot oem unlock sì ni ti ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́. Fóònù á béèrè bóyá ó dá wọn lójú. Bí wọ́n bá ti gbà, gbogbo inú rẹ̀ á parẹ́.

Ìkẹfà ni recovery. Lórí fóònù tí recovery ní àyè tirẹ̀, wọ́n á kọ fastboot flash recovery, wọ́n á wá fi orúkọ fáìlì TWRP tó jẹ́ ti fóònù náà tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó jẹ́ kí fóònù tàn bíi ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́tìnnì gba inú recovery wọlé, nítorí bó bá tàn gan-an, ó lè dá recovery ilé-iṣẹ́ padà. Ọ̀pọ̀ fóònù tó jáde lẹ́yìn ọdún 2016 kò ní àyè ọ̀tọ̀ fún recovery. Lórí ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn, fastboot boot ni wọ́n fi ń ya TWRP lò, kí wọ́n tó fi í sí i láti inú rẹ̀. Samsung kì í lo fastboot. Download mode àti irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Odin ni tirẹ̀.

Ìkeje, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe nínú recovery ni ẹ̀dà. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà boot, ti system, àti ti EFS tàbí NVRAM bí recovery náà bá rí i, kí wọ́n sì kó o kúrò nínú fóònù.

Ìkẹjọ ni root gan-an, bí wọ́n bá fẹ́ ẹ. Wọ́n á fi áàpù Magisk sí fóònù, láti ojú ìwé ẹni tó ṣe é lórí GitHub nìkan. Wọ́n á mú fáìlì boot.img láti inú ètò ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tọ́jú, tàbí init_boot.img lórí ọ̀pọ̀ fóònù tó bá Android 13 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e jáde. Magisk á tún un ṣe, wọ́n á wá fi fastboot dá a padà sí àyè tí wọ́n ti mú un.

Ìkẹsàn-án ni àyẹ̀wò. Kí wọ́n pe nọ́ḿbà kan, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n tan íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tún tẹ *#06#, kí wọ́n sì fi èyí tó jáde wé ti inú ìwé.

Ìkìlọ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé èyí. Wọn kò gbọ́dọ̀ ti bootloader padà nígbà tí recovery tàbí ètò àjèjì ṣì wà nínú fóònù. Aṣọ́nà á rí i pé kò ní òǹtẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó wọlé. Ètò ilé-iṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá padà pátápátá. Títì náà sì máa ń nu fóònù nù gẹ́gẹ́ bíi ṣíṣí.

FÚN ẸNI TÓ FẸ́ RA TÒKUNBỌ̀

Ẹni tí kò tiẹ̀ ní root fóònù láyé rẹ̀ ṣì lè fowó ra èyí tí ẹlòmíràn ti root. Bóyá Computer Village ní Ikeja ni wọ́n ti rà á ni o, bóyá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni, kí wọ́n pa fóònù náà, kí wọ́n tún tàn án lójú ẹni tó ń tà á. Ọ̀pọ̀ fóònù tí bootloader rẹ̀ wà ní ṣíṣí ló máa ń fi ìkìlọ̀ hàn kó tó tàn tán. Kí wọ́n tún ṣí Play Store, kí wọ́n tẹ àwòrán orí tó wà lókè, kí wọ́n wọ Settings, lẹ́yìn náà About, kí wọ́n wò ó bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé fóònù náà gba ìwé ẹ̀rí Play Protect. Bó bá jẹ́ Samsung ni, òǹkà Knox máa ń wà lójú ìwé Download mode. Níkẹyìn, kí wọ́n gbìyànjú áàpù báǹkì wọn, kí wọ́n wò ó bóyá yóò ṣí, kí wọ́n tó ka owó, láìkọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán, kí wọ́n nù ún kí wọ́n tó fi nọ́ḿbà báǹkì kankan sí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸNJINÍÀ

Kí oníṣòwò tó gbé fóònù sílẹ̀, ìbéèrè márùn-ún wà tó yẹ kó bi ẹnjiníà. Kí ni ìṣòro fóònù yìí gan-an, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí kò ní root nínú? Ṣé fáìlì tí wọ́n fẹ́ lò bá nọ́ḿbà fóònù yìí mu, níbo ni wọ́n sì ti rí i? Ṣé ètò ilé-iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí wọ́n á fi dá a padà? Ta ni yóò san owó fóònù bó bá di bíríkì? Ṣé áàpù báǹkì yóò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀? Ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí, yóò sì dá wọn lóhùn. Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí wọ́n yọ síìmù àti mẹ́mórì káàdì, kí wọ́n sì dúró ti iṣẹ́ náà bó bá ṣeé ṣe.

Root kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe májèlé. Agbára ni, ẹni tó bá sì gba agbára onílé ló gba iṣẹ́ onílé pẹ̀lú: òun ni yóò máa ṣọ́ ilẹ̀kùn, òun ni yóò máa wá àtúnṣe kiri, òun náà ni yóò ru ẹ̀bi bí olè bá wọlé. Fóònù àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n lè fi kọ́ṣẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Èyí tí owó ọjà ń gbà wọlé, kí wọ́n jẹ́ kó wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é.